Ibo ni kí n so igbó mi kọ́ sí kó lè gbẹ ní Berlin?

Ẹ̀yin tèmi, igi igbó mẹ́ta tí mo gbìn sí bákónì ti tó gé, òfin Jámánì ti gbà á láti April 2024, àmọ́ òórùn ẹ̀ ti gba gbogbo ilé, ìyàwó mi ń bínú, àwọn ará òkè náà ń kùn, ṣé mo lè lọ kọ́ ọ sí ṣẹ́ẹ̀dì ọ̀rẹ́ mi lọ́gbà níta ìlú?

Ọmọ Neukölln: Rárá o ọ̀gá mi, inú ilé tí ẹ̀ ń gbé ni kó wà. Gíráàmù 25 lẹ lè gbé dání níta, tó bá fi kọjá 30 ó ti di ẹjọ́ ọ̀daràn. Nínú ilé gan-an, 50 ni.

Àdìsá: Ra fáànù tó ní fílítà kábọ́ọ̀nù jàre, òun ló ń gbé òórùn mì. Kọ́ ọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, kó má gbóná ju dígírì 20 lọ, bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ híítà o. Kó o sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í, torí àwọn ọmọ.

Ìyá Ìbejì: Èmi ò lè ṣe wàhálà yẹn, ẹgbẹ́ tó ń gbìn ín ni mo wọ̀, wọ́n lè fún èèyàn tó gíráàmù 50 lóṣù. Ẹ má ṣáà gbé e wá sí Nàìjíríà, NDLEA ò mọ Jámánì o 😂