Ta ló ti dé Beechey Island rí? Ìrun kíkí ńkọ́?

Oníkámẹ́ràÌdúmọ̀tà: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Oníbàárà mi kan ní Kánádà ló fi fọ́tò Beechey Island, erékùṣù kan ní àríwá Kánádà lọ́hùn-ún, ránṣẹ́ sí mi: òkúta wẹ́wẹ́, yìnyín, sàréè mélòó kan, kò sí igi kan ṣoṣo. Ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo ti ń fowó pamọ́ fún ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ẹ má fi físà dẹ́rù bà mí, mo mọ bó ṣe ń rí. Ṣé èèyàn lè sùn síbẹ̀? Oòrùn tí wọ́n ní kì í wọ̀ yẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ kí Mọ̀gáríbì?

ÌyáÌbejìSùúrùlérè: Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ súwẹ́tà bí òjò bá rọ̀! Owó yẹn á gba ṣọ́ọ̀bù kejì o.

KúùkùÀpápá: Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà yẹn. Ẹnikẹ́ni kì í gbébẹ̀, àlejò kì í sì í sùn síbẹ̀. Bóòtù rọ́bà ló máa gbé yín dé etí omi. Àwọn tó gbé ìbọn á ti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wo àyíká nítorí béárì funfun. Bí wọ́n bá rí ẹyọ kan, ẹ̀yin ò sọ̀ mọ́ nìyẹn.

Sàréè yẹn gan-an ni gbogbo èèyàn ń lọ wò. Lọ́dún 1845, John Franklin kó ọkọ̀ méjì, Erebus àti Terror, kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wá ọ̀nà tó gba àríwá Amẹ́ríkà kọjá sí Éṣíà. Beechey Island ni ìgbà òtútù àkọ́kọ́ bá wọn. Mẹ́ta kú ní 1846: John Torrington, John Hartnell àti William Braine. Àwọn tó kù bá ọ̀nà wọn lọ, kò sẹ́ni tó padà wálé. Wọ́n hú Torrington ní 1984, ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, torí ilẹ̀ ibẹ̀ dì gbagidi. (Wọ́n ti tún un sin, àmọ́ híhú òkú ò bá mi lára mu o.)

Kò sí ilé ìgbẹ́ lórí ilẹ̀, ẹ ṣe é nínú ọkọ̀. Ẹ má gbé oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fọ bàtà mọ́ tónítóní, kí èso koríko ibòmíràn má bàá bá yín débẹ̀. Ẹ má fi owó ìbánigbófò ṣeré: bí àìsàn bá dé, ilé ìwòsàn jìnnà.

ÁlfàÒkèPópó: Ọ̀rọ̀ ìrun ò le. Ànábì ti sọ nípa ọjọ́ Dàjáálì (ẹlẹ́tàn ìgbà ìkẹyìn) tó máa gùn bí ọdún kan pé ká fojú díwọ̀n àkókò ìrun. Ẹ tẹ̀lé aago ìlú tó súnmọ́ yín jù tí ọ̀sán àti òru ti yàtọ̀ síra; àwọn onímọ̀ mìíràn ní ti Mẹ́kà. Arìnrìn-àjò ni yín, Àìlà á di ráká méjì. Mọ̀gáríbì ò dín o, mẹ́ta ni.

Oníkámẹ́ràÌdúmọ̀tà: Ẹ ṣeun gan-an. Bátìrì kámẹ́rà ńkọ́?

KúùkùÀpápá: Òtútù máa ń tètè pa á. Ẹ fi èyí tẹ́ ò tíì lò sápò inú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Bẹ́ ẹ bá padà sínú ọkọ̀, ẹ má tètè yọ kámẹ́rà nínú báàgì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á bo lẹ́ǹsì bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ti inú ẹ̀ẹ̀sì bọ́ sójú títì ní Ìdúmọ̀tà.