Ètò mónógíràmù tó jẹ́ ti Windows: ṣé Wine lè gbé e lórí Linux Mint?

Oníṣẹ́-Ọnà Pánṣẹ́kẹ́:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o. Iṣẹ́ mónógíràmù ni mò ń ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́, níbí ní Abẹ́òkúta: ọrùn agbádá, àyà bùbá, àti orúkọ ilé-ìwé lára aṣọ àwọn ọmọ. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ya iṣẹ́ ti pẹ́, kò ní ohun tí Windows 11 ń béèrè, Microsoft sì ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi fi Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sí ẹ̀gbẹ́ Windows náà, ó sì yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n Windows nìkan ni wọ́n ṣe ètò ọnà mi fún. Wọ́n ní kí n lo Wine. Kí ni Wine yìí ń ṣe gan-an? Ṣé ó sì lè gbé ètò tó ní kọ́kọ́rọ́ USB, èyí tó jẹ́ pé bí a kò bá kì í bọ ara kọ̀ǹpútà, ètò náà kò ní ṣí? Rámù kọ̀ǹpútà mi jẹ́ 4GB.

Atọ́kọ̀ǹpútàṣe:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ètò Windows bá fẹ́ ṣí fáìlì, tàbí tó fẹ́ fi nǹkan hàn lójú kọ̀ǹpútà, Windows ló máa ń bẹ̀ pé kó bá òun ṣe é. Wine jókòó sáàárín bí ògbufọ̀: ó ń gba ẹ̀bẹ̀ náà, ó sì ń sọ ọ́ fún Linux lọ́nà tí yóò yé e. Kò sí Windows kankan níbẹ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí ètò tó bá bá Wine mu kì í fi í wọ́. Ọdún 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ó sì di 2008 kí ẹ̀dà 1.0 tó jáde, nítorí pé àwọn ẹ̀bẹ̀ tí ètò lè bẹ Windows pọ̀ jọjọ. Proton, ètò tí ilé-iṣẹ́ Valve gbé jáde ní 2018 fún àwọn tó ń ṣeré orí kọ̀ǹpútà, orí Wine náà ni wọ́n gbé e kà.

Kọ́kọ́rọ́ USB yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ó bá ní dráífà tirẹ̀ (ètò kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lò ó) tó gbọ́dọ̀ wọ inú Windows lọ́hùn-ún, Wine kò lè gbé irú dráífà bẹ́ẹ̀ fún Linux, ètò yín yóò sì máa sọ pé kò sí kọ́kọ́rọ́ nígbà tó jẹ́ pé ara kọ̀ǹpútà ló wà. Ẹ wá orúkọ ètò náà lórí AppDB, àkójọ ètò tó wà lórí WineHQ, ìkànnì àwọn tó ń ṣe Wine, níbi tí àwọn tó ti dán an wò ti ń fún un ní ipò láti Platinum (ó ṣiṣẹ́ dáadáa) dé Garbage (kò ṣiṣẹ́), kí ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n dán an wò, torí ìròyìn àtijọ́ lè ṣini lọ́nà.

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú:
Ẹ má ṣe tìtorí kọ́kọ́rọ́ lọ ra ètò tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ o. Bí kòkòrò kọ̀ǹpútà (fáírọ́ọ̀sì) ti Windows bá wà nínú rẹ̀, Wine lè gbé e náà, bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a kò bá yí i padà, ó máa ń fi gbogbo fáìlì Linux yín hàn án gẹ́gẹ́ bí díìsìkì Z.

VirtualBox, ètò tó ń dá kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà yín, lè gba kọ́kọ́rọ́ yẹn, nítorí Windows gidi lẹ ó fi sínú rẹ̀, ẹ ó sì fa USB náà lé e lọ́wọ́. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ fi orúkọ yín sínú ẹgbẹ́ vboxusers lórí Mint, ìyẹn àwọn tó láṣẹ láti lo USB nínú VirtualBox. Àmọ́ bí ẹ bá yọ 2GB fún Windows nínú 4GB, méjèèjì ni yóò máa wọ́, bátìrì yóò sì tètè tán nígbà tí iná bá lọ. Tèmi ni pé kí ẹ fi Windows 10 yín sílẹ̀ fún ọnà nìkan, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, kí ẹ sì máa fi Mint ṣe ohun yòókù. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ Ink/Stitch, ètò tí a fi ń ya ọnà, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, inú Inkscape, ètò ìyàwòrán, ló ti ń ṣiṣẹ́, kò nílò Wine lórí Linux, ó sì ń kọ fáìlì DST àti PES tí ẹ̀rọ ọnà ń kà.

Oníṣẹ́-Ọnà Pánṣẹ́kẹ́:
Ẹ ṣé gan-an, ìyá wa. DST ni ẹ̀rọ mi ń kà láti orí fláàṣì. Ṣé Ink/Stitch yóò ṣí àwọn iṣẹ́ tí mo ti yà tẹ́lẹ̀?

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú:
Yóò ṣí DST, ṣùgbọ́n ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gún ló wà nínú rẹ̀, kò sí àwọ̀ òwú níbẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ̀ ẹ́ púpọ̀, àlàfo yóò máa hàn láàárín òwú. Fáìlì tí ètò yín fi ń tọ́jú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò dájú pé yóò ṣí ní tirẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí àwọn ọnà tí oníbàárà sábà máa ń padà wá béèrè, kí ẹ tọ́jú wọn sí DST ní gbogbo ìwọ̀n tí ẹ ń lò, kí ẹ sì kọ àwọ̀ òwú wọn sílẹ̀. Àwọn yòókù, ẹ lè máa tún wọn yà bí iṣẹ́ bá ṣe ń dé.