Elégédé ìgbà òtútù kọ́, elégédé gbígbó ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹ rántí ìwé àwọn ológbà Amẹ́ríkà tí mo ní mò ń tú. Mo rí àbá tí ẹ mú wá lánàá pé kí "winter squash" máa jẹ́ "elégédé ìgbà òtútù", kí "curing", ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún un lẹ́yìn tí wọ́n bá ká a, sì jẹ́ "wíwo elégédé sàn". Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé elégédé ń ṣàìsàn?

Ẹ jẹ́ ká mú ti òtútù ná. Ìgbà ooru ni wọ́n ń gbìn ín lọ́hùn-ún, wọ́n á sì ti ká a kí ìrì dídì tó pa ìtàkùn rẹ̀. Nítorí pé ó ṣeé tọ́jú dé ìgbà òtútù ni wọ́n ṣe pè é bẹ́ẹ̀. Tí a bá gbé orúkọ yẹn wọ Ìbàdàn, àgbẹ̀ Mọ́níyà á rò pé inú ọyẹ́ ni kí òun gbìn ín, gbogbo rẹ̀ á sì gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Gbígbó ni ìyàtọ̀ wà. Ẹ̀yà kan náà, Cucurbita pepo, ni zucchini tí wọ́n ń já nígbà tí èèpo rẹ̀ ṣì rọ̀, òun náà ni acorn squash tí wọ́n ń dúró dè kó gbó. Mo kọ́kọ́ fẹ́ dá "elégédé àgbó", ṣùgbọ́n ní ìlú tí wọ́n ti ń kiri àgbo káàkiri yìí, ẹni tó bá kà á láìsí àmì á mú ife dání wá. "Elégédé gbígbó" ni mo fara mọ́. Ẹ lè ní aṣọ náà ń gbó. Ó ń gbó lóòótọ́, àmọ́ ta ló ń wọ elégédé?

Mo bi ìyá kan léèrè ní Bódìjà ní Sátidé. Ó fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, èékánná wọlé, omi sun. "Bùọ̀dá, eléyìí ò tíì gbó." Ó mú òmíràn, èékánná kàn ń yọ̀ lórí ẹ̀ ni. "Èyí gbó. Èèpo ẹ̀ ti yi."

Yi! Ohun tí a ń wá kiri fún "curing" nìyẹn. Tí elégédé bá gbó, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé e kúrò lórí ìtàkùn, wọ́n á fi pòòpó bí ìka méjì sílẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n á wá tẹ́ ẹ síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, fún bí ọjọ́ 10, kí èèpo lè yi dáadáa. "Mímú èèpo yi" ló bá a mu. Ẹni tó dábàá "sísá" ò jìnnà, ṣùgbọ́n gígé là ń gé iṣu ká tó sá a. Ẹlòmíràn á kàn gé elégédé ẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ti kòkòrò ló le jù. Àfòpiná kan wà lọ́hùn-ún tó ń yé ẹyin sí ìdí ìtàkùn. Ìdin rẹ̀ á lu ìtàkùn wọlé, á máa jẹ ẹ́ nínú, á máa da ìgbẹ́ bí èérún pákó síta, ewé á sì rọ jọwọrọ lọ́sàn-án gangan. "Kòkòrò elégédé" tí ẹ pè é ò tó. Kí la ó wá pe èyí tó ń fi ẹnu bí abẹ́rẹ́ fa oje ewé, tàbí eṣinṣin tiwa níhìn-ín tó ń yé ẹyin sínú ọmọ elégédé? "Afìtàkùnṣelé" ni mo dá fún ti ìdin yẹn.

Ti èyí tó ń fa oje ewé yẹn ni mi ò tíì rí ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ orúkọ tí àgbẹ̀ ń pe irú rẹ̀ lọ́nà Àkànrán tàbí Ìdó, kó fi ránṣẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ tó pé, torí ọjọ́ náà ni ìwé ń kúrò lọ́wọ́ mi.