Ìdí tí ẹ̀rọ gémù àfọwọ́dìmú kò fi rí ẹni rà bó ṣe yẹ: ìrírí wa ní Ìbàdàn

Ọlọ́jà gémù, Queen Cinema

Mo ti ń ta ẹ̀rọ gémù ní agbègbè Queen Cinema láti ayé PSP, ẹ̀rọ gémù àfọwọ́dìmú tí Sony ṣe, ìbéèrè kan sì wà tí àwọn ènìyàn kì í yé bi mí: kí ló dé tí PSP fi gba ìgboro Ìbàdàn kan, tí PS Vita tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, tó sì dára jù ú lọ ní ojú àti ní agbára, fi di ohun tí à ń tò sínú gíláàsì láìrí ẹni tí yóò gbé e lọ? Ohun tí mo fi ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Àwọn ará Ìbàdàn fẹ́ràn Vita. Ìnáwó tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ni wọ́n sá fún.

Oṣù Kejìlá ọdún 2011 ni Sony gbé Vita jáde ní Japan, ó sì dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní oṣù Kejì ọdún 2012. Dọ́là 250 ni wọ́n ń ta èyí tó ń lo Wi-Fi nìkan ní Amẹ́ríkà. Nígbà náà, nǹkan bí 160 náírà ni dọ́là kan, nítorí náà kí a tó gbé owó ẹrù àti èrè ọlọ́jà lé e, ẹ̀rọ náà ti di 40,000 náírà, nígbà tó jẹ́ pé 18,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fi lélẹ̀. Síbẹ̀, iye yẹn nìkan kọ́ ló lé oníbàárà, nítorí pé ní ìsọ̀ tó kángun sí tèmi, àwọn ọ̀dọ́ ń ra fóònù tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí oníbàárà bá gbé Vita lọ́wọ́, inú rẹ̀ a dùn. Ojú ẹ̀rọ náà fẹ̀ tó íǹṣì márùn-ún, àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, ọ̀pá ìdarí méjì ló sì wà lára rẹ̀ níbi tí PSP ti ní ẹyọ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, gémù mélòó ló wà nínú rẹ̀?" Ibẹ̀ ni ọjà ti máa ń bàjẹ́. Kò sí gémù kankan nínú rẹ̀. Vita àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ ní àyè tí ènìyàn lè kó gémù pamọ́ sí nínú ara rẹ̀. Káàdì mẹ́mọ́rì ni a gbọ́dọ̀ rà sí i, káàdì tí Sony ṣe fún òun nìkan ṣoṣo ló sì ń gbà. Káàdì mẹ́mọ́rì fóònù tó kún gbogbo orí tábìlì láti Dùgbẹ̀ dé Ìwó Road kò wọ inú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, dọ́là 20 ni wọ́n ń ta èyí tó jẹ́ 4GB, wọ́n sì ń ta 32GB ní dọ́là 100. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ dáadáa: nígbà tí dọ́là ṣì rọjú, káàdì kan tí kò tóbi ju èékánná lọ ń gba 16,000 náírà, òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ yóò sì kàn rí 2,000 mú relé bó bá rà á.

Mo ti rí bàbá kan tó ti ka owó ẹ̀rọ sílẹ̀ fún mi lórí káńtà, tí ó sì kó o padà sápò nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ káàdì fún un. Kò bínú. Ó kàn ní, "Ẹ ta ilé fún mi, ẹ wá ń ta ilẹ̀kùn rẹ̀ fún mi lọ́tọ̀." Ẹ̀tọ́ ló sọ, n kò sì rí èsì fọ̀ fún un.

Ti PSP yàtọ̀ pátápátá. Lóòótọ́, Sony ló ṣe káàdì tirẹ̀ náà, àmọ́ kò pẹ́ tí adápítọ̀ kékeré kan fi dé ọjà tí à ń ki káàdì fóònù bọ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni bá sì ní lọ́wọ́ tó o. Bẹ́ẹ̀ ni bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ lẹ́yìn. Bó bá kú, a ó fi òmíràn sí i. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ọ̀pọ̀ gémù PSP tó gba ìgboro jẹ́ àdàkọ. Kò dára fún àwọn tó fi òógùn ojú wọn ṣe gémù náà, n kò sì ní pè é ní ohun rere, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ ohun tó gbé PSP dé gbogbo àdúgbò, a kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́. Sony ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ Vita, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ohun tó dùn mí ni pé wọn kò ṣí òmíràn tí ẹni tó wà ní Ìbàdàn lè gbà wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ fi òótọ́ ra gémù ńkọ́? Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ènìyàn lè yàn nígbà tó bá ń ṣí àkáǹtì Sony tí a fi ń ra gémù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà bí ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba ni oníbàárà mi yóò ṣe ṣí i, káàdì báǹkì rẹ̀ tó jẹ́ ti náírà yóò sì kọ̀ láti sanwó. Yóò wá máa wá ẹni tí yóò bá a ra gíftì káàdì, ìyẹn káàdì tí owó ti wà nínú rẹ̀, ẹni náà yóò sì gbé èrè tirẹ̀ lé e. Ní ọdún 2016, owó wa já láti nǹkan bí 199 náírà sí dọ́là kan, ó kọjá 280 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì ti dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù kan. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni oúnjẹ rẹ̀ wà kò lè sanra ní irú ipò bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọlọ́mọ, Bódìjà

Mo kí ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ kú àlàyé. Èmi kò ra tiwa. Àbúrò ọkọ mi ló mú un bọ̀ láti òkè òkun fún àkọ́bí wa gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, káàdì wà nínú rẹ̀, gémù sì wà níbẹ̀, nítorí náà ìnáwó tí ẹ ń sọ kò kàn wá ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ṣe nínú ilé ni mo fẹ́ sọ. Kí ó tó dé, PS2, ẹ̀rọ gémù tí à ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ni àwọn ọmọ mi fi ń ṣeré ní pálọ̀, pádì méjì ni wọ́n sì ń lò. Bí àwọn méjì bá ń fi ṣeré, àwọn yòókù yóò máa pariwo, ọmọ aládùúgbò yóò wọlé, èmi náà yóò sì máa gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ilé ìdáná. Vita sọ àkọ́bí mi di ẹni tó ń lọ jókòó sí igun yàrá nìkan. Àwọn àbúrò rẹ̀ a rọ̀gbà yí i ká, ojú ẹ̀rọ kò sì tó wọn í wò, ìjà a sì bẹ́ sílẹ̀. Mo ní kí ó ṣí àkáǹtì tirẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan náà, ó ní àkáǹtì kan ṣoṣo ni ó ń gbà, pé bí a bá fẹ́ yí i padà, a ó kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Mo ní kí ó tún un béèrè lọ́wọ́ bọ̀dá rẹ̀ lókè òkun. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ̀dá rẹ̀ wí.

N kò lè dá ẹni tó ṣe é lẹ́bi pé ó ṣe ohun tí ẹnì kan yóò fi gbádùn ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ṣùgbọ́n òbí tó ní ọmọ mẹ́rin, tó sì fẹ́ ra ohun kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, kò ní ra èyí. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ mi nílé ìjọsìn bi mí léèrè bóyá kí wọ́n ra irú rẹ̀ fún ọdún Kérésì, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n ra èyí tó ní pádì méjì.

Onílé gémù, Agbowó

Òótọ́ ni màmá sọ. Nínú ìsọ̀ mi tó dojú kọ Yunifásítì, bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá nà ni yóò sanwó, yóò sì dìde fún ẹlòmíràn, ariwo àwọn tó dúró lẹ́yìn ló sì ń fa oníbàárà wọlé. Ẹ̀rọ àfọwọ́dìmú kò ní ibi tí èrò lè dúró sí. Yàtọ̀ sí èyí, gémù bọ́ọ̀lù PES tí àwọn ọmọ Ìbàdàn fẹ́ràn jù lọ kò ní ti Vita rárá, FIFA náà sì parí sórí FIFA 15.

Àwọn kan máa ń sọ pé ó yẹ kí àìsí iná mú un tà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún ni bátìrì rẹ̀ ń lò bí ènìyàn bá ń fi ṣeré, lẹ́yìn náà yóò wá iná bíi gbogbo ẹ̀rọ. Bí jẹnẹrétọ̀ bá sì ti wà ní títàn, fóònù ni wọn yóò kọ́kọ́ fi sí i, nítorí fóònù ni wọ́n fi ń pe ènìyàn, òun náà ni wọ́n fi ń gba owó, gémù sì wà nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wo Nintendo Switch tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2017. A lè gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n, pádì kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣeé yọ fún ènìyàn méjì, káàdì fóònù lásán ló sì ń gbà. Ó ti tà kọjá mílíọ̀nù 150 káàkiri ayé. Lóòótọ́, owó rẹ̀ ṣì ga fún wa níbí, síbẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń dáwó jọ rà á, ohun tí n kò rí kí ẹnikẹ́ni ṣe nítorí Vita.

Ọlọ́jà gémù, Queen Cinema

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni wọ́n ti ń ṣírò owó. Dọ́là 250 ni ẹ̀rọ àfọwọ́dìmú Nintendo 3DS náà bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹta ọdún 2011; ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n já a wálẹ̀ sí 170 nítorí pé kò tà bí wọ́n ṣe rò, ó sì gbéra lẹ́yìn náà. Sony dín owó Vita kù sí 200 ní ọdún 2013, ṣùgbọ́n káàdì rẹ̀ ṣì wọ́n ju tàwọn yòókù lọ, wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ náà dúró ní Japan ní ọdún 2019.

Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí òun ra Vita tòkunbọ̀ tí wọ́n fi lọ òun. Ó ṣì jẹ́ ẹ̀rọ tó dára, n kò sì ní dá yín dúró. Ẹ tẹ ojú rẹ̀ wò níwájú àti lẹ́yìn, nítorí ibi méjèèjì ló ń gbọ́ ìfọwọ́kàn. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń fi cháàjì sí i: ti àkọ́kọ́ ní wáyà tirẹ̀ tó ṣòro rí báyìí, ti 2013 ń lo wáyà fóònù ìgbà yẹn. Ẹ ní kí wọ́n yọ àkáǹtì wọn kúrò níṣojú yín. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ènìyàn kò lè fi káàdì báǹkì sanwó lórí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹ béèrè irú gémù tó ti wà nínú rẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ yọ káàdì mẹ́mọ́rì wò kí ẹ mọ bó ṣe tóbi tó. Bí kò bá sí káàdì, ẹ má ṣe san iye tí wọ́n pè, àfi bí wọ́n bá ti yọ owó káàdì kúrò nínú rẹ̀.