Zenobia fún ọmọbìnrin wa: ẹ bá mi dá sí i

Aboyún Aláyọ̀
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o. Oyún mi ti wọ oṣù kẹjọ, àyẹ̀wò sì fi hàn pé obìnrin ni. Ọkọ mi ti di orúkọ kan mú tí kò fẹ́ jù sílẹ̀: Zenobia. Ó kà nípa ọbabìnrin Palmyra, ìlú àtijọ́ kan ní Síríà, láti ìgbà náà ló ti ń fi orúkọ yẹn kí ikùn mi láràárọ̀. Èmi náà fẹ́ràn bó ṣe ń dún. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé wọ́n ní Zeus, òrìṣà àwọn Gíríìkì, wà nínú rẹ̀, onígbàgbọ́ sì ni wá. N kò tún tí ì pàdé ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ rí. Ṣé ó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ni, àbí ojú mi ni kò tó o? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí lára yín.

Olùkọ́ Ìtàn
Ọlọ́run á sọ yín kalẹ̀ láyọ̀. Ìtumọ̀ tí ẹ rí yẹn tọ̀nà: "ìyè Zeus" ni lédè Gíríìkì. Ṣùgbọ́n obìnrin tó sọ ọ́ di olókìkí kì í ṣe ará Gíríìkì, ará Palmyra ní Síríà ni. Nínú àkọlé tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta níbẹ̀, Zenobia ni wọ́n kọ ọ́ lédè Gíríìkì, Bat-Zabbai lédè Árámáíkì, ìyẹn ọmọbìnrin Zabbai. Ẹ rí i pé orúkọ tí wọ́n ń pè é lédè tirẹ̀ kò kan Zeus rárá.

Nígbà tí wọ́n pa Odaenathus ọkọ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 267, ọmọ wọn Vaballathus ṣì kéré, ni ìyá bá ń ṣàkóso lórúkọ ọmọ. Ní 270 àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wọ Íjíbítì, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ Róòmù. Aurelian, olú ọba Róòmù, ló ṣẹ́gun rẹ̀ ní 272, wọ́n sì mú un nígbà tó ń sá gba ọ̀nà odò Yúfírétì lọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ apá ìkẹyìn yìí nítorí ọmọ yín á kà á lọ́jọ́ kan. Akọni ni Zenobia, n kò sì rí ohun tó burú nínú kí ọmọ jẹ́ orúkọ ẹni tó jà títí tó fi pàdánù.

Ìyá Ìbejì
Èmi ò fara mọ́ ọn o. Orúkọ a máa ro ọmọ. Bó bá jẹ́ ìyè lẹ ń fẹ́, Zoe wà ńlẹ̀, ìyè ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gíríìkì kan náà, kò sì sí òrìṣà kankan nínú rẹ̀.

Ọmọ Pásítọ̀
Ẹ̀yin Ìyá Ìbejì, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Títù 3:13. Pọ́ọ̀lù ní kí Títù ran Sénásì amòfin àti Àpólò lọ́wọ́ ní ìrìn àjò wọn. Zeus yìí náà ló wà nínú orúkọ Sénásì, Àpólò sì jáde láti ara orúkọ òrìṣà mìíràn. Ẹsẹ kan ṣoṣo, méjì nínú rẹ̀! Fébè tó wà ní Róòmù 16:1 ńkọ́? Kò síbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí wọ́n pa orúkọ dà. Zenobia kan sì wà láàárín àwọn ajẹ́rìíkú: òun àti Zenobius arákùnrin rẹ̀, ará Aegae ní Kílíkíà, ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní. Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ń ṣe ìrántí wọn ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ṣíṣọ̀wọ́n. Tí ẹ bá ń wo àkójọ orúkọ ọmọ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbé jáde lọ́dọọdún, ẹ má dúró sórí 1,000 àkọ́kọ́. Fáìlì tó kún jù ú lọ wà, àmọ́ orúkọ tí ọmọ tó jẹ́ ẹ lọ́dún yẹn kò bá pé 5 kì í sí níbẹ̀, kí àṣírí ìdílé má bàa tú. Ní England àti Wales, bí kò bá pé 3 ni wọn kì í gbé e jáde. Nítorí náà, bí ẹ kò bá rí orúkọ kan níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kò sí ọmọ tó ń jẹ́ ẹ. Wọ́n tún máa ń ka sípẹ́lì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, nítorí náà ẹ wo Zinovia náà. Ìkókó ọdún yẹn nìkan ni wọ́n ń kà, wọn ò ka àwọn àgbà. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti jẹ́ ẹ rí: Zenobia Camprubí tó túmọ̀ iṣẹ́ Tagore, akéwì ará Íńdíà, sí èdè Sípéènì, 1887 ni wọ́n bí i. Zenobia Powell Perry, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ orin, 1908.

Ohun tí mo ń rí lẹ́nu iṣẹ́ rèé: orúkọ tí kò wọ́pọ̀ ni wọ́n máa ń kọ ṣì jù. Ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ fi í sínú báàgì ìbímọ yín. Kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Àdàkàn
Orúkọ tèmi náà ṣọ̀wọ́n. Ní ilé ìwé, tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ tó wá dákẹ́ díẹ̀, tó tẹ̀ mọ́ ìwé, mo ti mọ̀ pé èmi ló kàn. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà yẹn. Ní báyìí, n kò ní fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ ṣáà fún un ní orúkọ kejì tó rọrùn, kí òun fúnra rẹ̀ lè yàn.

Aboyún Aláyọ̀
Ẹ ṣé gan-an. A ka Títù 3:13 lálẹ́ àná, ọkàn mi sì ti balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Zeus. Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ tiyín: Zoe ni orúkọ kejì. Ó wá ku bí a ó ṣe máa gé e kúrú. Ọkọ mi ní Zena, èmi ní Nobi.

Ọmọ Pásítọ̀
Zena. Àmọ́ kí Zenobia tó pé wà lórí ìwé o.

Ìyá Ìbejì
Zoe ni èmi á máa pè é ní tèmi. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.