Àbúrò mi fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára DNA, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi, ọmọ ọdún 22, fẹ́ wọ inú ìwádìí abẹ́rẹ́ àjẹsára kan tí wọ́n fi DNA, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara, ṣe. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà níwájú mi, ojú ewé mọ́kànlá, kò tíì buwọ́ lù ú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí DNA àjèjì má lọ dàpọ̀ mọ́ tirẹ̀, kó wá kan ọmọ tó máa bí lọ́la. Oorun ò kùn mí láti ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyá Tólú
Ẹ fọkàn balẹ̀, àǹtí mi. Nọ́ọ̀sì ni mí. DNA inú abẹ́rẹ́ yẹn rí bí òrùka kékeré, plasmid ni wọ́n ń pè é. Ìlànà bí wọ́n ṣe ń ṣe purotéènì kan lára fáírọ́ọ̀sì ló wà nínú rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì gan-an ò sí níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa, á ka ìlànà yẹn, á ṣe purotéènì náà, àwọn ọmọ ogun ara á sì ti mọ ojú ọ̀tá kó tó dé. Òótọ́ ni pé ó gbọ́dọ̀ dé àárín sẹ́ẹ̀lì níbi tí DNA tiwa wà, ẹ̀rù yín kì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n kò ní ohun tó máa fi so mọ́ tiwa.

Ọmọ Lábù
Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ní 1990 ni wọ́n rí i pé DNA lásán tí wọ́n gún sí iṣan eku ń ṣiṣẹ́. Ní 2005, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ti ẹṣin fún àrùn West Nile. Ara èèyàn ló wá le: ohun tó ń ru àwọn ọmọ ogun ara eku sókè kì í fi bẹ́ẹ̀ ru tiwa. Oṣù kẹjọ 2021 ni Íńdíà kọ́kọ́ fọwọ́ sí ti èèyàn, ZyCoV-D, fún kòrónà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á nígbà náà. Nínú ìwádìí tó lé ní 28,000 èèyàn, ó dín àìsàn náà kù ní nǹkan bí ìdá 67 nínú 100.

Bọ̀dé
Ọmọ ọdún 22 ti tó ṣe ìpinnu fúnra rẹ̀ o.

Àdùkẹ́
Mo ti gba irú rẹ̀ rí nínú ìwádìí. Wọ́n gún mi tán, wọ́n tún fi ẹ̀rọ kan ta iná mànàmáná díẹ̀ sí apá mi kí ara sẹ́ẹ̀lì lè ṣí. Iṣan apá mi ta kìjí, ó dùn mí gan-an, ó sì rọlẹ̀ kí n tó ka ogún. ZyCoV-D kò nílò iná. Kò tiẹ̀ nílò abẹ́rẹ́, ẹ̀rọ ló ń fi agbára tì í wọ awọ ara. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n máa lò. Ẹ béèrè ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ bí nǹkan bá ṣe é, àti bó ṣe máa pẹ́ tó tí wọ́n á fi máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣé gan-an. Ìtọ́jú wà ní ojú ewé keje. Ti iná yẹn náà wà níbẹ̀, mi ò kàn mọ ohun tó jẹ́ ni. Mi ò rí iye ọdún tí wọ́n á fi máa yẹ̀ ẹ́ wò. A jọ ń lọ bi wọ́n lọ́jọ́ Ajé, kó tó buwọ́ lù ú.