Ta ló ti kọ́ ZX Spectrum sórí FPGA rí? Àwọ̀ bọ́dà (etí skríìnì) mi ò dúró sójú kan o

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá. Mò ń tún ZX Spectrum 48K, kọ̀ǹpútà tí Sinclair gbé jáde nílùú ọba lọ́dún 1982 yẹn, kọ́ sórí FPGA (ṣíìpù tí èèyàn lè tún inú rẹ̀ tò bó ṣe fẹ́), mi ò fẹ́ emulator (sọ́fítíwíà tó kàn ń ṣe bí ẹ̀rọ náà) rárá, bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú lọ́hùn-ún gan-an ni mo fẹ́. Z80 (ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀) ti ń sáré ní 3.5 MHz, BASIC (èdè kóòdù rẹ̀) ti ń jáde, géèmù ti ń wọlé láti kásẹ́ẹ̀tì, ìlà aláwọ̀ yẹn sì ń sáré létí skríìnì, inú mi dùn gan-an ni!

Ibi tó ti wá há ni contention, ìyẹn ìjà lórí RAM. Ẹ mọ̀ pé ULA (ṣíìpù tó ń ya àwòrán sí skríìnì) àti Z80 jọ ń du RAM 16K àkọ́kọ́, láti 4000 dé 7FFF ní hex, tí ULA bá ń ya àwòrán lọ́wọ́ ṣe ló máa ń dá clock Z80 (ìlù tó ń tẹ̀ lé ṣiṣẹ́) dúró. Clock enable (àmì tó ń sọ ìgbà tí Z80 lè sún) lèmi fi ń ṣe é, torí gígé clock nínú FPGA máa ń dá wàhálà sílẹ̀, 6,5,4,3,2,1,0,0 ni mo tẹ̀ lé fún iye T-state (ìlù clock Z80 kọ̀ọ̀kan) tó máa fi dúró, fírémù kan (àwòrán skríìnì kan) sì jẹ́ 69888 T-state géérégé. Síbẹ̀ àwọn demo (ètò tí wọ́n fi ń ṣe àṣehàn) tó ń pààrọ̀ àwọ̀ bọ́dà láàárín ìlà kan ṣoṣo, àwọ̀ wọn ń sún sọ́tùn-ún, ó tún ń gbọ̀n.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé port FE (ojú ọ̀nà tí Z80 ń gbà pààrọ̀ àwọ̀ bọ́dà) náà gbọ́dọ̀ dúró de ULA ni, àbí ibi tí mo ti ń ka T-state lẹ́yìn interrupt (àmì tó ń bẹ̀rẹ̀ fírémù kọ̀ọ̀kan) ni ò tọ́? T-state 14335 ni mo lò fún ibi tí dídúró náà ti bẹ̀rẹ̀. Verilog (èdè tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe ẹ̀rọ) ni mo fi kọ ọ́, mo lè gbé kóòdù náà síbí kẹ́ ẹ bá mi wò ó.